Etí wo ló yẹ Raspberry Pi yín? Bí a ṣe ń yan máìkì fún kọ̀ǹpútà kékeré

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí Raspberry Pi rẹ̀ máa gbọ́ ohùn sábà máa ń ṣe ohun tí èmi náà ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́: yóò yí pátákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò rí ihò roboto tí wáyà íápíìsì ń wọ̀, yóò ki máìkì bọ̀ ọ́, yóò sì jókòó máa retí ohùn tí kò ní dé. Ẹnu ni ihò yẹn, kì í ṣe etí. Ohùn àti àwòrán ló ń gbé jáde, kò sì sí ọ̀nà kankan tí ohùn lè gbà wọlé láti ibẹ̀. Pi 5 tó jáde ní ọdún 2023 kò tilẹ̀ ní ihò náà mọ́, Pi Zero àti Pi 400 kò sì ní in rí. Láti ìgbà tí àkọ́kọ́ irú kọ̀ǹpútà yìí ti jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012, wọn kò tíì ṣe èyí tó ní etí mọ́ ara rí. Rírà la ń ra etí fún un lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè ra èyí tó bá iṣẹ́ mu láìnáwó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ máìkì kò lè bá Pi ṣiṣẹ́, àwọn tó sì lè bá a ṣiṣẹ́ kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn tí kò wúlò kúrò lọ́nà. Ẹsẹ̀ 40 ló wà lára Pi tí a lè so wáyà mọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì péré ni àwọn ẹsẹ̀ yìí mọ̀: iná wà, tàbí iná kò sí. Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, ẹ̀rọ tí yóò gbà á sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà tó ń wọn gíga ìgbì náà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ẹ̀yà yìí ni wọ́n ń pè ní ADC. Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré mìíràn, ní in, Pi kò ní in. Nítorí náà, pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní KY-037 tàbí KY-038, tó ní máìkì roboto lórí, kò lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí Pi. Gbogbo ohun tó lè sọ fún un kò ju pé ariwo kan dún lọ. Òun gan-an ni mo rà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ihò íápíìsì. Ẹni tó tà á fún mi búra pé máìkì ni, kò sì parọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n odidi òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pàtẹ́wọ́ síwájú rẹ̀ kí n tó gbà pé àtẹ́wọ́ nìkan ni etí rẹ̀ mọ̀. MAX4466 àti MAX9814 sàn ju ìyẹn lọ, nítorí pé ohùn gidi ni wọ́n ń gbé jáde, àmọ́ ìgbì ni ohùn náà ṣì jẹ́, Pi kò sì lè kà á. Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi chip MCP3008, tó jẹ́ ADC, sáàárín wọn. Chip náà dára fún wíwọn ooru tàbí ọ̀rinrin inú ilẹ̀. Fún ohùn, Linux, ètò tó ń darí Pi, kì í fi àlàfo àkókò tó dọ́gba sáàárín ìwọ̀n kan àti èkejì, ohun tí ẹ ó sì gbọ́ lẹ́yìn wàhálà yẹn yóò dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tòun ti òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu.

Kí ẹ tó wá béèrè orúkọ máìkì kankan, ìbéèrè méjì ni kí ẹ dáhùn: ìró wo ni Pi yóò máa gbọ́, báwo sì ni ohun tó ń dún náà yóò ṣe jìnnà sí i tó? Èmi a máa fi ìbéèrè kejì ṣáájú, nítorí pé jíjìnnà ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìdára máìkì lọ. Ní gbangba, nígbàkigbà tí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn tó dé etí máìkì yóò fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB, òṣùwọ̀n ariwo) 6 lọ sílẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń pa àlọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí máìkì, tí ẹ wá gbé máìkì náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní mítà 2.4 sí i, ẹ ti sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ohùn ìyá àgbà sì ti fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 24 lọ sílẹ̀. Fáànù òkè àjà àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò lọ sílẹ̀ ní tiwọn. Bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n wà. Nínú yàrá, ìró tó ń ta padà láti ara ògiri a máa bo díẹ̀ nínú àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n ìró àtapadà náà gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Máìkì olówó pọ́ọ́kú tó wà nítòsí ẹnu yóò borí olówó gọbọi tó wà ní igun yàrá, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá ohun tí máìkì kò gbọ́ padà. Bí iṣẹ́ yín bá gba kí máìkì wà nítòsí, ẹ ti fi ìdajì owó yín pamọ́ nìyẹn.

Irú ìró tí ẹ fẹ́ gbọ́ ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìró tó tín-ín-rín jù lọ tí ẹ fẹ́ gbọ́. Tẹlifóònù àtijọ́ ń lo 8 kHz (ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ju 4 kHz lọ tó lè gbà á kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè 4 kHz ni ọ̀pọ̀ agbára ìró “s” wà. Ìdí nìyí tí “s” àti “f” fi máa ń jọra lórí fóònù tí a fi ń ní kí ẹni tó ń pe orúkọ tún un pè. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, 16 kHz ti tó, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀, títí kan Whisper, ń gbà wọlé. Fún orin, ìlù àti ẹyẹ, ẹ lọ sí 48 kHz. BirdNET, ètò tó ń fi ohùn ẹyẹ dá ẹyẹ mọ̀, 48 kHz ló ń lò. Bó bá jẹ́ àdán lẹ fẹ́ gbọ́, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ máìkì lásán, nítorí pé òkè ibi tí etí ènìyàn dé ni igbe wọn wà, máìkì àti ADC tí wọ́n dìídì ṣe fún un lẹ ó sì wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ irú àlàyé yìí fún elédè mìíràn kì í sábà kàn, tí àwa tí à ń sọ Yorùbá kò sì lè fò. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn wọ̀nyí kò sì ju iye ìgbà tí tán-án-ná inú ọ̀fun ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ó máa ń wà láàárín nǹkan bí 80 sí 180 Hz. Ti obìnrin ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń yí padà ní 50 Hz, bí ó bá sì ráyè wọ inú wáyà máìkì, yóò máa kùn ní 50, ní 100 àti ní 150 Hz. Ẹ wo ibi tí 100 àti 150 bọ́ sí: àárín gbùngbùn ohùn ọkùnrin. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti ń yí ní 60 Hz, yóò bá a ní 120. Etí ènìyàn yóò fojú fo kíkùn yìí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń wá ohùn ìsàlẹ̀ bàbá kan lè rò pé kíkùn iná gan-an ni ohùn náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré burú jù, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe ń sáré tàbí tó ń rẹlẹ̀ ni kíkùn náà ń yí ipò, ètò tí ẹ bá fi gé 50 Hz dànù kò sì ní bá a níbi tó wà.

Láti ibí yìí ni ìlànà kan ti jáde tí mo fi ń yẹ gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ rà wò: níbo ni ohùn ti ń di nọ́ńbà? Ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú máìkì lásán kéré gan-an, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fi ìrísí ìgbì rin mítà méjì nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣájà kọjá, yóò kó kíkùn iná dání dé ilé. Bí ó bá ti di nọ́ńbà ní ẹnu máìkì, kíkùn iná kò lè dà mọ́ ọn lójú ọ̀nà mọ́. Máìkì USB àti máìkì I2S (tí n ó ṣàlàyé níwájú) ń sọ ohùn di nọ́ńbà nítòsí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Máìkì tó ń gba wáyà gígùn lọ sí káàdì ohùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ọ̀kan péré láìjẹ́ pé mo mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, máìkì USB ni n ó sọ. Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn USB fẹnu kò lé lórí, Linux sì ti mọ ìlànà náà látọjọ́ pípẹ́. Èyí tó bá tẹ̀ lé e kò nílò driver kankan (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ kan lò), ẹ ó ṣáà kì í bọ ihò USB, Pi yóò sì dá a mọ̀. Kí ẹ tó rà, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, tàbí pé kò nílò driver, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi ètò kan sórí Windows, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ti ní etí nílé láìmọ̀: kámẹ́rà USB tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní máìkì nínú, ó sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí owó kankan tó jáde lápò.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni igi kékeré USB tó ní ihò méjì, ọ̀kan fún íápíìsì, èkejì fún máìkì, tó wọ́pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. CM108 tàbí ẹbí rẹ̀ ni chip tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, èmi náà sì ní mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú lílò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́, kì í ṣe ọ̀tún àti òsì, bí wọn ì báà tilẹ̀ kọ ohun mìíràn sára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, íápíìsì fóònù tó ní máìkì lára wáyà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹ bá kàn kì í bọ̀ ọ́, nítorí pé ẹnu irin rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ihò igi USB yìí sì ń retí mẹ́ta. Wáyà kékeré tó ń pín in sí ẹnu méjì lẹ ó rà sí i. Ohun kẹta ni pé ẹ̀rọ náà a máa fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó máa gbọ́ tí ariwo ẹ̀yìn ń gbéra díẹ̀díẹ̀ nígbà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ láti òkèèrè, tí yóò sì rẹlẹ̀ lójijì bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ gba ìlù sílẹ̀, èyí burú, nítorí pé yóò sọ ìlù jẹ́jẹ́ àti ìlù kíkan di bákan náà. Inú alsamixer, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe lórí Linux, lẹ ti lè pa á, lábẹ́ orúkọ Auto Gain Control.

Ọ̀pọ̀ ló ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n lè lo máìkì ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ní orí irin roboto, tí ibi tí wáyà ń wọ̀ nídìí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ irin kéékèèké mẹ́ta. Wọ́n lè lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú igi USB yẹn. Ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ kéré púpọ̀, igi USB kò sì ní agbára tó lè gbé e sókè láìsí ariwo ṣììì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ alágbàwọlé USB, irú bíi Focusrite Scarlett Solo, ló yẹ ẹ́. Òun náà ló ń fún àwọn máìkì condenser ní iná fóltì 48 tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Pi mọ irú ẹ̀rọ yìí dáadáa. Bí ẹ bá ń gba oríkì, ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó sílẹ̀ fún ìpamọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó ń kì í ti dàgbà, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹ ó tún rí i gbà sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni mo lérò pé kí ẹ náwó sí.

Ọ̀nà I2S wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo nǹkan wọ inú àpótí kékeré kan, pàápàá bí ó bá jẹ́ Pi Zero 2 W ló ń lò, tó jẹ́ ihò USB kékeré kan ṣoṣo ló ní fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. I2S ni orúkọ ọ̀nà tí àwọn chip fi ń fi ohùn tó ti di nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ara wọn, Pi sì ní i lára ẹsẹ̀ 40 yẹn. Máìkì INMP441 ló wọ́pọ̀ jù lọ, kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wáyà mẹ́fà lẹ ó so, gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí wọ́n kọ sára máìkì náà: VDD sí fóltì 3.3 ní ẹsẹ̀ 1, GND sí ẹsẹ̀ 6, SCK sí ẹsẹ̀ 12, WS sí ẹsẹ̀ 35, SD sí ẹsẹ̀ 38, kí ẹ sì so L/R mọ́ GND bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ etí òsì, tàbí mọ́ fóltì 3.3 bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá so méjì, tí ọ̀kan jẹ́ òsì, tí èkejì jẹ́ ọ̀tún, àwọn wáyà kan náà ni wọn yóò jọ pín. Ẹ má ṣe so VDD mọ́ fóltì 5 láé. Chip náà yóò kú kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun. Kí àwọn wáyà náà kúrú, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, nítorí pé àmì iná tó ń sáré bí aago nínú SCK kì í fara da wáyà gígùn. Nínú fáìlì /boot/firmware/config.txt, ẹ kọ ìlà méjì yìí, kí ẹ sì tan Pi padà:

dtparam=i2s=on
dtoverlay=googlevoicehat-soundcard

Orúkọ overlay yẹn (fáìlì tó ń sọ fún Pi irú ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn) lè ya yín lẹ́nu, torí pé káàdì mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó bá INMP441 ṣiṣẹ́, ó sì ti wà nínú Raspberry Pi OS, irú Linux tí wọ́n ṣe fún Pi, tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ohùn tó wọlé kéré. Kì í ṣe pé máìkì bàjẹ́. Inú ètò kọ̀ǹpútà ni a ti ń gbé e sókè. INMP441 kò sì fẹ́ràn ariwo ńlá: 120 dB ni òpin ohun tó lè gbà kí ohùn tó fọ́, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá ìlù dùndún jìnnà sí i tó mítà kan ó kéré tán. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì ń rò ó láti so àwọn iná aláràbarà WS2812 mọ́ Pi kan náà, kó rántí pé ẹsẹ̀ 12 tí SCK wà ni àwọn iná náà sábà máa ń gbà. Ọ̀kan ni yóò yàgò fún èkejì. Nígbà tí ẹ bá ń rà, ẹ rí i dájú pé I2S ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe PDM. Wọ́n jọra lójú, ìlànà wọn ò pa pọ̀, PDM lórí Pi sì máa ń di iṣẹ́ àṣelàágùn.

Ó wá ku àwọn káàdì tí wọ́n ń gbé lé orí ẹsẹ̀ 40 náà, tí wọ́n ń pè ní HAT. Wọ́n rẹwà, ojú wọn a sì máa wọni: máìkì méjì tàbí mẹ́rin, iná wínníwínní, ihò ẹ̀rọ agbóhùnjáde, gbogbo rẹ̀ lórí pátákó kan. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún jù. Mo ra ọ̀kan, mo tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí mo tún Raspberry Pi OS ṣe sí tuntun, kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, yí padà, káàdì náà sì dákẹ́, nítorí pé driver rẹ̀ kò sí nínú kernel. Àwọn tó ṣe é ló ń kọ ọ́ lọ́tọ̀, wọn kò sì tíì tún un kọ fún kernel tuntun. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń béèrè kí n tó wo ohunkóhun mìíràn lára HAT: ṣé overlay rẹ̀ ti wà nínú folda /boot/firmware/overlays lórí Pi tí n kò tíì fi nǹkan kan kún? Bí ó bá wà, ó ṣeé rà. Codec Zero, tí ilé iṣẹ́ Raspberry Pi fúnra rẹ̀ ń tà láti ìgbà tó ti ra IQaudIO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì ohùn, wà lára irú wọn, ó sì ní máìkì kékeré kan lórí. Bí overlay kò bá sí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àtúnṣe lẹ ń rà mọ́ káàdì náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye máìkì tàn yín jẹ. Àwọn tó ń ra káàdì oní-máìkì mẹ́rin rò pé yóò lè ya ohùn ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò nínú ariwo yàrá. Máìkì mẹ́rin lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló ń ṣe é, ìṣirò náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú chip kan lórí káàdì, bíi XMOS XVF-3000 tó wà nínú àwọn máìkì USB alágbo kan, tàbí kí ẹ fúnra yín kọ ọ́ sórí Pi. Bí àpótí yín bá gbọ́dọ̀ máa gbọ́ àṣẹ láti òdìkejì pálọ̀, máìkì USB alágbo tó ní irú chip bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rà. Ní ti Bluetooth, ohùn máìkì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 8 tàbí 16 kHz, ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń já. Èmi kì í lò ó.

Iná àti ààyè ìpamọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí Pi 4, gbogbo ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń pín iná tó jẹ́ ámpíà 1.2 (A), lórí Pi 5, bí ṣájà yín kò bá lè gbé 5 A jáde, 600 mA péré ni yóò fún wọn. Máìkì lásán kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ alágbàwọlé tó ń fúnni ní fóltì 48, tí háádì-dísíìkì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè mú kí Pi kú lójijì. Ní ti ààyè, wákàtí kan ohùn oní-16 kHz, bíìtì 16, ẹ̀gbẹ́ kan, ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 115. Oní-48 kHz ń gba nǹkan bí 346, ìyẹn gígábáìtì 8.3 lójúmọ́, káàdì oní-32 gígábáìtì kò sì ní pé ọjọ́ mẹ́rin kó tó kún. FLAC, ọ̀nà kan tí a fi ń fún fáìlì ohùn pọ̀, máa ń dín in kù láìba ohùn jẹ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ dán ohun tí ẹ fẹ́ rà wò kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Pi kan àti páwà-báǹkì kan wọ inú báàgì. Ẹ ki máìkì bọ̀ ọ́, kí ẹ wá tẹ àṣẹ yìí:

arecord -l

Bí orúkọ káàdì kò bá hàn, ẹ má sanwó. Bí ó bá hàn, ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ lo orúkọ káàdì dípò nọ́ńbà rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà a máa yí padà bí ẹ bá pa Pi tí ẹ tún tàn án. Igi USB oní-CM108 sábà máa ń jẹ́ Device:

arecord -D plughw:CARD=Device,DEV=0 -f S16_LE -r 16000 -c 1 -d 10 danwo.wav

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń tú àṣírí máìkì. Nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó kù, ẹ sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ní ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, ẹ má fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde ọjà gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ṣí fáìlì kan náà nínú Praat, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè ń lò, tí Paul Boersma àti David Weenink kọ ní yunifásítì Amsterdam, kí ẹ wo ìlà tó ń tọ́ka lílọ sókè sódò ohùn. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yà sọ́tọ̀, tí ìlà náà kò sì ní ohun tó ń fà níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, máìkì yín dára fún iṣẹ́ Yorùbá. Bí ìlà kan bá ń lọ gbọọrọ ní 100 Hz nígbà tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀, kíkùn iná nìyẹn. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi páwà-báǹkì tún un ṣe. Bí ó bá lọ, ṣájà lẹ ó pààrọ̀, kì í ṣe máìkì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ẹ wo ibi tí ihò máìkì kọjú sí. Lára INMP441, ihò tí ohùn ń gbà wọlé kò sí lójú chip. Inú pátákó ló gbà kọjá, ẹ̀yìn ló sì ṣí sí, mo sì ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn náà mọ́ ara àpótí tó wá ń wá ìdí tí ohùn kò fi wọlé. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan níwájú ihò náà yóò dá eruku ọyẹ́ àti atẹ́gùn ẹnu dúró láìdí ohùn lọ́nà. Ẹ má ṣe gbé máìkì sínú àpótí kan náà pẹ̀lú fáànù Pi 5. Tèmi wà lórí wáyà USB mítà kan, lórí aṣọ ìnura tí mo ká ní ìṣẹ́po mẹ́rin, kí gbígbọ̀n tábìlì má bàa gba abẹ́ wọlé.